Omi Ìwẹ̀ Títílọlá

"Bàbá, ẹ yọwọ́ níbẹ̀!"

Safurat ti fa ọwọ́ Mátíù sẹ́yìn kó tó parí ọ̀rọ̀. Ooru ti bo dígí balùwẹ̀. Omi tó ń tú láti orí ṣáwà ń rú èéfín bí ẹni pé inú ìkòkò ló ti ń bọ̀. Mátíù wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó ti pọ́n, ṣùgbọ́n kò ta á.

"Kò kúkú gbóná tó bẹ́ẹ̀," ló wí.

Obìnrin náà ti omi pa. Púlọ́ńbà ni, ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ọkọ̀ àárọ̀ ló wọ̀ wá sí Ògbómọ̀ṣọ́, nítorí púlọ́ńbà méjì tí Mátíù kọ́kọ́ pè ti bá iṣẹ́ náà tì. Èkejì tilẹ̀ ní kí wọ́n yọ ẹ̀rọ náà sọnù, kí wọ́n padà sídìí garawa.

Garawa náà ni wọ́n sì ti padà sí. Nígbà Kérésìmesì ni Fọláhànmí, ọmọ wọn, ra ṣáwà náà fún ìyá rẹ̀, nítorí orúnkún Títílọlá, ìyàwó Mátíù, kò jẹ́ kó lè bẹ̀rẹ̀ bu omi mọ́. Ẹ̀rọ náà ní orí roboto kan tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára. Téèyàn bá yí i sí méjìdínlógójì, ẹ̀rọ á fúnra rẹ̀ po omi gbígbóná láti inú hítà mọ́ omi tútù, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì wà títí èèyàn á fi wẹ̀ tán. Títílọlá á tilẹ̀kùn, á jókòó sórí àga oníke, á máa kọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Àfi láàárọ̀ ọjọ́ kan, bí oṣù méjì sẹ́yìn, tí Mátíù gbọ́ igbe rẹ̀. Omi gbígbóná ti bó o léjìká.

Láti ọjọ́ náà, Mátíù ló ń se omi, òun ló ń pò ó, òun ló ń gbé e wọ balùwẹ̀, òun náà ló ń bù ú sí ìyàwó rẹ̀ lára. Fọláhànmí kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. "Bàbá, ẹ̀yin náà ti lé láàádọ́rin ọdún. Tẹ́ ẹ bá gbé omi gbígbóná ṣubú ńkọ́? Tí ẹ̀rọ yẹn ò bá tíì dáa títí di Sátidé, mò ń bọ̀ wá mú Màmá lọ sí Ìbàdàn."

Ọjọ́ Ẹtì lòní. Títílọlá kò sọ pé òun á lọ, kò sì sọ pé òun ò ní lọ. Ó ṣáà ti ká aṣọ díẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì láti àná, Mátíù sì ń yẹra fún yàrá náà.

Safurat lọ ti omi pa nídìí táǹkì. Ó yọ orí roboto náà, ó fi sípánà tú ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì fa nǹkan kan jáde tí kò gùn ju ìka lọ.

"Ọkàn ẹ̀rọ yín rèé, Bàbá."

Nǹkan funfun ti le mọ́ ọn lára bí ẹfun. Ó tún yọ asẹ́ kékeré ẹnu páìpù omi tútù. Yanrìn kànga ti dí i pa.

"Omi tútù ò rọ́nà wọlé dáadáa. Ọkàn yìí ló yẹ kó mọ̀, kó dín omi gbígbóná kù, àmọ́ ó ti gan. Ṣé ẹ ní ọsàn wẹ́wẹ́?"

Mátíù já mẹ́wàá wá láti ẹ̀yìnkùlé. Safurat fún wọn sínú abọ́, ó rẹ ọkàn ẹ̀rọ náà sínú rẹ̀ kí nǹkan funfun náà lè yọ́, ó ní ó di wákàtí kan.

"Ó dáa, jẹ́ kí n po omi tòní fún Màmá kó tó dìgbà yẹn," ni Mátíù wí. Ó da omi kẹ́tùlù mọ́ omi dírọ́ọ̀mù nínú garawa, ó tọwọ́ bọ̀ ọ́, ó mi orí. Ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Safurat ti mú tẹmómítà tó fi ń yẹ omi wò jáde. Bí ẹni ń ṣeré, ó tì í bọ garawa. Ó wò ó. Ó tún un tì bọ̀ ọ́.

"Bàbá, márùndínláàádọ́ta ni omi yìí. Ó gbóná jù fún ara àgbàlagbà."

"Mo fọwọ́ kàn án kẹ̀."

"Iṣẹ́ wo lẹ ṣe nígbà tára le?"

"Búrẹ́dì. Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo fi yan búrẹ́dì l'Ọ́jà Igbó."

Safurat wo ọwọ́ náà. Ọwọ́ tó ń fa páànù búrẹ́dì jáde nínú iná láìlo aṣọ, kí ló kù tó mọ̀ nípa ooru?

Mátíù bojú wẹ̀yìn. Títílọlá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ró ìró mọ́yà, kànìnkànìn wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"O mọ̀ pé ó ń gbóná jù?" ni Mátíù bi í.

"Omi gbígbóná dára fún eegun."

"Títí."

Obìnrin náà gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Lójoojúmọ́, ẹ ti jí láago márùn-ún. Ẹ ti gbé garawa, ẹ̀yin tí ìbàdí ń dùn. Ẹ wá fọwọ́ kàn án, inú yín dùn pé ó dáa. Kí ni kí n sọ?"

Ó sì jẹ́ pé láràárọ̀ tó bá ń bu omi sí i lára, tó rí i tó dijú pinpin, adùn ni Mátíù rò pé ó jẹ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Kí wọ́n tó pe ìrun Jímọ̀ọ̀, Safurat ti to gbogbo rẹ̀ padà. Ó tan omi, ó yí orí roboto náà díẹ̀díẹ̀ títí tí nọ́ńbà ara rẹ̀ àti ti tẹmómítà fi bára mu. Ó ní kí Mátíù lọ tan ẹ̀rọ omi ilé ìdáná. Síbẹ̀, omi ṣáwà kò gbóná sí i, kò tutù. "Ẹ máa fọ asẹ́ yẹn lóṣooṣù o, Bàbá," ló wí, ó sì bá ti mọ́ṣáláṣí lọ.

Títílọlá wọlé ìwẹ̀, ó pa ilẹ̀kùn dé. Mátíù jókòó síta lórí àpótí. Fóònù dún. Fọláhànmí ni.

"Ó ń wẹ̀," ni bàbá rẹ̀ wí.

"Òun nìkan?"

"Òun nìkan."

"Mo ṣì ń bọ̀ lọ́la. Ẹ sọ fún Màmá pé mo kàn ń bọ̀ wá kí yín ni."

Láìpẹ́, ohùn jáde láti inú ilé ìwẹ̀. "Bàbá Fọláhànmí! Ẹ wá bá mi fọ ẹ̀yìn."

Ó wọlé, ó gba kànìnkànìn. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń lọ sábẹ́ omi kó tó fà á padà.

"Ṣé kò gbóná jù?"

Títílọlá yíjú wò ó bí ẹni tí wọn kò bi ní irú rẹ̀ rí.

"Ẹ dín in kù díẹ̀."

Ó yí i sí mẹ́tàdínlógójì.

"Díẹ̀ sí i."

Mẹ́rìndínlógójì. Títílọlá mí kanlẹ̀, èjìká rẹ̀ méjèèjì sì rọ̀ wálẹ̀ wọ̀ọ̀. Mátíù bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ọdún méjìdínláàádọ́ta ni wọ́n ti fẹ́ra wọn. Omi tó tutù díẹ̀ ni obìnrin yìí fẹ́ràn.