Àyè Ẹ̀gbẹ́ Fèrèsé

"Ẹ má tíì gbé kẹ́tù yẹn o!"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin dá ọwọ́ dúró lórí kẹ́tù tó wà lórí tábìlì ìyá wọn, ó bú sẹ́rìn-ín. "Tíṣà, ẹrù la wá kó níbí. Àwọn tó háyà ilé ń bọ̀ lọ́la."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ kó ti yàrá. Tí mo bá ya àwòrán ẹ̀ tán, ẹ gbé gbogbo ẹ̀ lọ."

Ọkùnrin náà mi orí, ó wọ yàrá. Àbúrò rẹ̀ jókòó padà sórí àpótí, ó gbé bébà lé orúnkún. Láti ìgbà tí Màmá ti dùbúlẹ̀ àìsàn títí wọ́n fi sin ín, òun ló ń wẹ̀ fún un, òun ló ń fún un lóúnjẹ, òun ló ń gbé e wá sídìí tábìlì yìí láràárọ̀. Ẹ̀gbọ́n a máa pè lórí fóònù. Tí ẹrù bá kúrò tán, kí ló kù tí yóò fi hàn pé òun àti Màmá ló jọ gbé níbí? Ìdí nìyẹn tó fi fẹ́ ya tábìlì náà bí Màmá ṣe fi í sílẹ̀.

Bó ṣe ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ló ṣe ń ya á. "Ẹ fi ife sílẹ̀," ló máa ń sọ fún wọn. "Ojú yín ń purọ́ nípa ife. Àyè tó yí i ká ni kẹ́ ẹ ya, ife á yọjú fúnra ẹ̀." Nítorí náà, kò ya kẹ́tù rárá. Ó fi èédú kun àyè inú ọwọ́ kẹ́tù, ó kun àlàfo tóóró tó wà láàárín kẹ́tù àti ife Màmá, ó kun èyí tó wà láàárín ife àti ìgò oògùn. Funfun bébà tó ṣẹ́kù ló di kẹ́tù, tó di ife, tó di ìgò. Inú rẹ̀ dùn díẹ̀.

Ó wá dé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Àyè ibẹ̀ ti fẹ̀ jù. Gbogbo nǹkan fún pọ̀ sí apá kan bí ewúrẹ́ tó ń sá fójò lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, apá kejì ṣófo. Ó rò pé òun ló ṣì í wọ̀n. Ó na pẹ́ńsù síwájú, ó di ojú kan, ó tún un wọ̀n. Kò yí padà.

Ó wá rántí. "Má gbé nǹkan síbẹ̀," Màmá a wí, nígbàkigbà tó bá fẹ́ gbé àwo tirẹ̀ kalẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n ẹ lè yà." Kò yà rí. Òun a sì gbé àwo lé itan lórí àpótí yìí, a jẹun, a nu ẹnu Màmá, kò sì kà á sí nǹkan kan. Ohun tójú ń wá lojú ń rí. Ó ti wá àyè tirẹ̀ yí gbogbo tábìlì ká, kò sí.

Ẹ̀gbọ́n jáde, ó ń làágùn. Ó fa àga, ó jókòó, ó sì gbé ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì lé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé láìwo ibẹ̀. Ibẹ̀ gbà á gẹ́lẹ́.

"Èwo lo fẹ́ mú níbẹ̀?" ló bi í. "Màmá á fẹ́ kó o ní nǹkan kan."

Kò lè bínú sí i. Kí ló mọ̀? Òkú ló ń bí i nínú, ta ni yóò sọ ìyẹn fún?

"Ẹ máa kó gbogbo ẹ̀ lọ, Ẹ̀gbọ́n mi."

Ó mú èédú kó lè parí àyè tó kù. Kò ṣe é kùn mọ́. Ẹni tó ni ín ti jókòó síbẹ̀.