Ọmọ-Ọmọ Mi Pa Mí ní Láíbìrì

Mo ti rí nǹkan láyé yìí, ṣùgbọ́n n kò tíì jókòó rí kí wọ́n máa sunkún òkú mi lójú mi.

Doyinsọ́lá ló ṣe é, ọmọ Wùmí ọmọ mi. Houston níbí, ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n bí i sí. Ó kọ ìwé kan fún àwọn ọ̀dọ́, wọn ò tíì tẹ̀ ẹ́. Ìwé ìtàn òyìnbó kan wà láti ayé àtijọ́, tí ọmọbìnrin kan ń dúró de ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó bá ọkọ̀ ojú omi lọ. Doyin ní òun fẹ́ tún un sọ. Ó sọ ọmọ náà di adúláwọ̀, ó gbé e wá sí Galveston, ìlú etíkun tí kò jìnnà síbí, ní ọdún tí ìròyìn òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé etí àwọn ẹrú ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n ti tà lọ sí New Orleans. Ọmọ náà ń fọṣọ fún àwọn olówó, ojú rẹ̀ ń bẹ lójú òkun.

Wùmí ló ròyìn gbogbo èyí fún mi. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni, èmi ò gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n ní kí Doyin wá kà nínú ìwé náà fún àwọn èèyàn ní láíbìrì. Iwájú pátápátá ni mo jókòó sí. Ọmọ bẹ̀rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ń dà lẹ́nu rẹ̀ bí omi ẹ̀rọ. N kò gbọ́ nǹkan kan, àfi bí mo ṣe gbọ́: "Àwẹ̀ró!"

Háà! Oríkì mi nìyẹn! Orúkọ tí ìyá mi fi ń kẹ́ mi! Mo fò dìde. "Oo! Èmi rè é o!" Mo jó yí àga mi ká, mo sì fi orin mi sí i:

*Ọkọ̀ ojú omi, rọra máa bọ̀,*
*Ẹni mi ń bẹ nínú rẹ.*
*Má jẹ̀ẹ́ kí ìgbì gbé e lọ,*
*Ọbẹ̀ rẹ̀ ń bẹ lórí iná.*

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Doyin rẹ́rìn-ín, ó ń kà á lọ. Ìgbàkígbà tó bá ti pe Àwẹ̀ró, èmi á jẹ́ ẹ: "Oo!" Ó tó ẹ̀ẹ̀meje.

Ìgbà tó yá, gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Ìyá òyìnbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yọ áńkáṣíìfù. Bàbá kan bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nu ojú. Mo fọwọ́ tọ́ Wùmí.

"Kí ló dé tí wọ́n ń sunkún?"

"Màámi, ẹ jẹ́ kó parí."

"Mo ní kí ló dé?"

"Ó ti kú."

"Ta ló kú?"

Wùmí ò wo ojú mi. "Àwẹ̀ró ni."

Ẹnu mi là, kò ṣeé pa dé.

Inú ọkọ̀ lórí fíríwéè, ọ̀nà márosẹ̀, la wà kí n tó rí ohùn. "Doyinsọ́lá, kí ni mo ṣe fún ẹ?"

"Màmá Àgbà, kì í ṣe ẹ̀yin. Ìtàn ni."

"Ẹ̀ẹ̀meje ni mo jẹ́ orúkọ náà, o ò dá mi lẹ́kun!"

"Mo rò pé inú yín ń dùn ni."

"Inú mi ń dùn! Mo ń jó níbi òkú ara mi!"

Súnkànmí, ọkọ Wùmí, tó ń wa ọkọ̀, bú sẹ́rìn-ín. Wùmí gbá a léjìká. "Ẹ gbájú mọ́ ọ̀nà, jàre."

"Ta ló kọ́ ẹ ní orúkọ yẹn?" ni mo bi Doyin.

"Lórí fóònù ni. Bàbá Ìbàdàn máa ń pè yín bẹ́ẹ̀."

Bàbá Ìbàdàn, ẹ̀gbọ́n mi ni. Ẹ̀gbọ́n lè pè mí bẹ́ẹ̀. Àgbà ló ń fi oríkì ki ọmọdé. Ọmọdé kì í fi í pe àgbà, ká má tíì sọ pé kó gbé e wọ òkú. Nílé wa, èpè ni. Ọmọ tí wọ́n bí síbí ò mọ̀.

"Yọ orúkọ mi kúrò."

"Ọjọ́ Ajé ni mo máa fi ránṣẹ́ sí àwọn tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Mo lè yọ ọ́." Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni mò ń rò nígbà tí mò ń kọ ọ́. Ẹ sọ fún mi pé ọdún mọ́kànlá lẹ fi dúró de Bàbá Ìbàdàn."

Òótọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n mi bá ọkọ̀ ojú omi lọ láti Àpápá, a ò gbọ́ gbúròó rẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá. Ìgbà tí mò ń dirun fún Doyin ní kékeré ni mo sọ ọ́. Mo rò pé ó ti sùn lọ lórí ẹsẹ̀ mi!

"Kí ló wá dé tó o fi pa mí?"

"Bó ṣe wà nínú ìwé àtijọ́ nìyẹn. Ó kú kí ọkọ̀ tó dé. Kò ṣeé yí pa dà."

"O yí àwọ̀ rẹ̀. O yí ìlú rẹ̀, o yí orúkọ rẹ̀. Ikú nìkan ni agbára ẹ ò ká?"

Ó ń ṣí ìwé rẹ̀ síwá sẹ́yìn títí a fi rí iná àwọn iléeṣẹ́ epo ní Deer Park, níbi tí ilé wa wà.

Ìgbà tí a wọlé, ó tẹ̀ lé mi wọ kíṣìnì. "Màmá Àgbà, ọjọ́ tí Bàbá Ìbàdàn dé, ṣé ẹ sunkún?"

"Ẹkún kẹ̀? Mò ń fọṣọ ni. Ọkùnrin onírùngbọ̀n kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, n ò mọ̀ ọ́n. Mo ní, 'Ta lẹ̀ ń wá?' Ó ní, 'Àwẹ̀ró.' Mo bá gbé ṣòkòtò tútù tí mò ń fún lọ́wọ́, mo fi nà án! Mo nà án títí ọṣẹ fi kún irùngbọ̀n rẹ̀. Ìgbà tó rẹ̀ mí ni mo wá bi í bóyá ó ti jẹun."

Ó kan Doyin láti la ẹnu. "Ẹ na *ẹ̀gbọ́n* yín? Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọdé kì í…"

"Pa ẹnu ẹ mọ́."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fajú ro. "Àwọn tó mọ ìwé àtijọ́ náà á bínú sí mi."

"Kí wọ́n lọ ka ti àtijọ́."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó gbé kọ̀ǹpútà wá bá mi. Ó ń tú u sí Yorùbá, ó ń kọsẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ bí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. Ọkọ̀ gúnlẹ̀ ní Galveston. Ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀, ó béèrè ọ̀nà ilé alágbàfọ̀. Ọmọbìnrin náà wà láàyè, ọṣẹ dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ó gbé aṣọ tútù.

Doyin dúró, ó gbójú sókè. Ó rọra sọ èyí tí ọkùnrin náà sọ: "Àwẹ̀ró."

Mo wò ó. Kò yẹ kó pè mí bẹ́ẹ̀.

"Oo," ni mo wí. "Máa kà á lọ."