Amọ̀ Tí Kò Gba Idẹ

Elvire ni orúkọ obìnrin kan tó ń rọ ẹ̀gbà ọwọ́ ní Pọ́bẹ̀. Ó fẹ́ ṣe ẹ̀gbà idẹ bí àwọn ará àtijọ́ ti ń ṣe é: wọ́n á fi ìda oyin mọ ọ́n, wọ́n á fi amọ̀ bò ó, wọ́n á fi iná yọ́ ìda náà kúrò, kí wọ́n tó da idẹ yíyọ́ sí àyè rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló gbìyànjú, ẹ̀ẹ̀mẹrẹ̀ẹ̀rin ni amọ̀ sán, tí idẹ sì dà sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà sú u. Ó gun alùpùpù lọ sí Sàkẹ́tẹ́, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Ògúnlékè, arúgbó tó ṣe iṣẹ́ yìí nígbà èwe rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, kí lẹ máa ń pò mọ́ amọ̀?"

"Mo ti gbàgbé, ọmọ mi. Ó ti pẹ́ jù."

Ó bi í títí, ìdáhùn kan náà ni. Omijé fẹ́ bọ́ lójú Elvire. Ó kàn gbé amọ̀ tó mú wá lé bàbá lọ́wọ́. Bàbá ń pò ó, ó ń pò ó, ló bá dúró.

"Èyí ti lẹ̀ jù. Èédú tí o lọ̀ kúnná dà?"

Elvire padà sílé, ó po èédú mọ́ amọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí amọ̀ ò sán, àmọ́ idẹ tutù kó tó yí inú amọ̀ náà po. Ààbọ̀ ẹ̀gbà ló jáde.

"Irú wàhálà wo rèé!" Ó jù ú mọ́ ògiri. Nígbà tó ṣe, ó mú ìda mìíràn, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ọ́n.