Òwú Òkúta Àjà Kẹsàn-án

Ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí nínú fọ́tò náà. Ó dúró níwájú tábìlì nínú yàrá onípáànù tí fọ́máànù fi ṣe ọ́fíìsì. Bírò wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìwé ẹ̀rí pé iṣẹ́ ti pé tó yẹ kó fọwọ́ sí wà níwájú rẹ̀, wọ́n sì to fọ́tò méjìlá sí ẹ̀gbẹ́ ìwé náà, ọ̀kan fún àjà kọ̀ọ̀kan ilé tí wọ́n ń tún ṣe. Nínú fọ́tò àjà keje, àbààwọ́n kan wà lára irin férémù. Ó gùn bí ewé àgbàdo, ó tẹ̀ sí apá òsì. Ó mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ tí páànù gé e ní àtàǹpàkò, ibẹ̀ ló nu ọwọ́ sí kó tó mọ̀ pé ọgbẹ́ náà jìn.

Ó wo fọ́tò àjà kẹjọ. Àbààwọ́n kan náà. Kò sí i nínú ìkẹsàn-án, ṣùgbọ́n ó tún rí i nínú ìkẹwàá, ìkọkànlá àti ìkejìlá. Ó gùn bí ewé àgbàdo, ó tẹ̀ sí apá òsì. Nọ́ńbà tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ sára irin nìkan ló yàtọ̀.

"Ṣé o ti gbàgbé orúkọ ara rẹ ni?" Fọ́máànù ló bi í bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, ìyá kan náà ló bí wọn, òun ló sì mú un wọ iṣẹ́ náà. "Fọwọ́ sí i, jàre. Àwọn Alángbá ń retí, wọ́n fẹ́ tú pẹpẹ tí a fi ń gun ilé."

"Bírò yìí ò yọ, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ́ n lọ mú tèmi."

Irọ́ ni. Bírò náà yọ dáadáa.

Egungun ilé ni férémù irin. Awọ rẹ̀ ni páànù dídán tí gbogbo ayé ń rí láti òpópónà, tí wọ́n á máa sọ pé ilé yìí mà rẹwà. Àárín méjèèjì ni iṣẹ́ obìnrin yìí wà. Òwú òkúta ló ń tẹ́ síbẹ̀, òwú tí wọ́n yọ́ òkúta lórí iná kí wọ́n tó fi ran án. Ó wúwo, ó ń yún ara bí ewé èèsìn, ṣùgbọ́n iná kì í jó o. Ó ń dènà ooru, ó ń dènà òtútù, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ tó ga jù ni pé bí iná bá sọ nínú yàrá kan, kò ní jẹ́ kó rí ọ̀nà gun òkè lẹ́yìn páànù. Ó mọ iṣẹ́ náà débi pé àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é ní Ìyá Olówùú, bẹ́ẹ̀ kò tíì lọ́kọ. Òfin kan ló ga ju gbogbo òfin lọ nínú iṣẹ́ wọn: kí wọ́n tó fi páànù pa ògiri dé, kí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà àjà sára irin, kí wọ́n sì ya fọ́tò ohun tó wà nínú. Lẹ́yìn ìyẹn, ojú ẹnikẹ́ni kò ní tó o mọ́.

Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe é dé àjà keje. Lẹ́yìn tí páànù gé e, wọ́n rán ọgbẹ́ náà fún un, wọ́n sì ní kó lọ sinmi fún ọjọ́ mẹ́wàá. Nígbà tó padà dé, wọ́n ti pa gbogbo ògiri dé pátápátá. Ó tilẹ̀ yìn wọ́n pé wọ́n yára.

Kò lọ wá bírò kankan. Ó gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tú síkúrù, ó gun pẹpẹ irin tí wọ́n tò mọ́ ara ilé náà. Alángbá, olórí àwọn tó ń to pẹpẹ, jókòó sórí ìdì irin, ó ń jẹ búrẹ́dì.

"Ìyá Olówùú, pẹpẹ tí a fẹ́ tú lẹ ń gùn yẹn o."

"Mo gbàgbé nǹkan."

"Kí lẹ gbàgbé?"

"Ọgbọ́n mi."

"Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ bá mi wo tèmi náà níbẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti sọnù."

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ohun tó wà lẹ́yìn èje ni òun ń wá ní tirẹ̀. Ní àjà kẹjọ, ó tú síkúrù mẹ́fà, ó fa páànù sẹ́yìn. Fóòmù funfun ló rí, irú èyí tó yẹ kí wọ́n tẹ́ sórí òrùlé lábẹ́ sìmẹ́ǹtì. Ó fi ìka tì í, ìka náà wọlé bíi pé inú búrẹ́dì Alángbá ló tì í sí. Ó gé díẹ̀ sápò. Ó gun àjà kẹwàá, ó tú ibẹ̀ náà. Fóòmù ni.

Inú ń bí i, ṣùgbọ́n ó ṣì ń wá àwáwí fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bóyá wọ́n tàn án jẹ ni. Bóyá àwọn òṣìṣẹ́ ló ṣe é nígbà tí kò sí níbẹ̀. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ó dúró ní àjà kẹsàn-án, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ilé ìdáná ìyá wọn, nítorí ibẹ̀ ni ìyá wọn ń gbé, ọdún kejìlélọ́gbọ̀n rẹ̀ rèé. Ó tú páànù ibẹ̀.

Òwú òkúta ló wà níbẹ̀. Wọ́n gé e dáadáa, igun rẹ̀ bá igun irin mu, abẹ́rẹ́ kò lè wọ àárín wọn. Iṣẹ́ náà dára ju tirẹ̀ lọ. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ igun gé báyẹn, ẹni náà ló sì kọ́ òun.

Ìgbà náà ni àwáwí tán lẹ́nu rẹ̀.

Pẹpẹ mì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti gòkè dé, ó ń mí hẹlẹ.

"Ta ló ní kí o tú u?"

"Ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ yín, ẹ̀gbọ́n mi. Ó rẹwà."

Ọkùnrin náà wo òwú, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Òjò ni," ló wí.

"Òjò wo?"

"Ìgbà tí o wà nílé. Èmi ni mo gbàgbé láti da tápólì bo òwú náà ní Sátidé. Nígbà tí mo dé ní Mọ́ńdè, ó ti mu omi yó. Ìwọ náà mọ̀ pé òwú tútù kò ṣeé tẹ́ mọ́ ògiri. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí òmíràn tó lè dé. Ta ni mo fẹ́ sọ fún pé èmi, ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́, mo gbàgbé tápólì?"

"Ẹ wá fi fóòmù sí i."

"Fóòmù náà ń dènà ooru."

"Òwú gbígbẹ rèé níbí. Ìdì tí omi ò dé, èyí tó wà nísàlẹ̀, báwo ló ṣe pọ̀ tó?"

"Ó tó àjà kan."

"Ẹ sì gbé e wá síbí."

"Kí lo fẹ́ kí n ṣe?" Ó sọ ọ́ bíi pé ó ń retí ọpẹ́. "Ìyá wa ló ń sùn lẹ́yìn ògiri yìí."

Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀ lórí pẹpẹ. Kò sọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí láyé.

"Ẹ ò bá kúkú fi fóòmù sí gbogbo rẹ̀. Ǹ bá pè yín ní òmùgọ̀, ǹ bá sì bá yín bẹ àwọn èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀. Ẹ mọ ohun tí fóòmù ń ṣe nínú iná, ìdí nìyẹn tẹ́ ò fi jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ Màmá. Àwọn yòókù ńkọ́, ṣé igi ni wọ́n? Ẹ wá mú ẹ̀jẹ̀ tèmi, ẹ fi jẹ́rìí èké lẹ́ẹ̀mẹrin."

"Mú ohùn rẹ wálẹ̀. Màmá wà nínú ilé, wọ́n ń gbálẹ̀."

"Mo gbọ́," ni ohùn kan wí. Fèrèsé ilé ìdáná ṣí. Ìyá wọn dúró síbẹ̀, ó mú ìgbálẹ̀ dání, eruku bo gèlè rẹ̀. Òun àti àwọn tó ń gbé ilé náà ti wá láti àárọ̀ láti tún yàrá wọn ṣe kí wọ́n tó kó ẹrù padà wọlé. "Ṣé ẹ rò pé gíláàsì yìí dí mi létí ni? Ẹ gbé òwú àti fóòmù náà wá, kí n rí ìyàtọ̀ wọn."

Ọmọbìnrin rẹ̀ yọ fóòmù lápò, ó gé òwú díẹ̀ mọ́ ọn, ó sì nà án sí i. Ìyá kó wọn sínú ìkòkò irin kan tó ti gbó lójú fèrèsé, ó ṣá ìṣáná. Ó kọ́kọ́ fi í sí òwú. Etí òwú náà pọ́n díẹ̀, ó sì wà bó ṣe wà. Ó ṣá òmíràn sí fóòmù. Fóòmù ká bí ẹni tí inú ń run, ó ń kán tótó, ó ń jó, èéfín dúdú sì gbéra, ó gba ara ògiri lọ tààrà sínú fèrèsé àjà kẹwàá tí ẹnì kan ṣí sílẹ̀. Ẹni náà bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Ìyá da ìdérí bo iná náà. Kò wo ọmọbìnrin rẹ̀.

"Ta ló ń wúkọ́ yẹn?" ló bi fọ́máànù.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́..."

"Ìbéèrè ni mo bi ọ́."

"Bàbá atúnbàtàṣe ni."

"Ta ló ń rán bàtà ilé ìwé rẹ láti ìgbà tó o ti wà ní kíláàsì kìíní?"

"Bàbá náà ni."

"Ta ló wà lábẹ́ mi?"

"Nọ́ọ̀sì ni. Àti ìyá rẹ̀."

"Ìyá rẹ̀ tí kò lè rìn." Ó fi ìgbálẹ̀ ti ògiri. "O fẹ́ kí n dá wà láàyè láàárín wọn, kí n máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń jó. Kí ni mo fi ṣẹ̀ ọ́?"

Ó ti fèrèsé. Nígbà tó yá, wọ́n rí i nísàlẹ̀, ó gbé àga kékeré kan sẹ́nu ọ̀nà àbáwọlé, ó jókòó lé e, ó sì ń sọ fún olúkúlùkù tó bá gbé ẹrù dé pé kí wọ́n má tíì wọlé. Fọ́máànù sọ̀ kalẹ̀. Àbúrò rẹ̀ rò pé ilé ló ń lọ.

Alángbá pariwo látìsàlẹ̀. "Ìyá Olówùú, wọ́n ní kí n tú pẹpẹ yìí lónìí o."

"Orí rẹ̀ ni mo wà."

Alángbá ronú sí i, ó sì padà jókòó sórí irin rẹ̀. "Irin ni mo mọ̀ ọ́n tú," ló wí. "Mi ò tú èèyàn rí."

Ìyá Olówùú sọ̀ dé àjà kẹjọ, ó ń ya fóòmù, ó ń jù ú sílẹ̀, páànù kan lẹ́yìn òmíràn. Ojú ọgbẹ́ rẹ̀ ti là padà. Kò bìkítà. Ó ti tú páànù mọ́kànlá nígbà tó gbọ́ ìró bàtà lórí àkàbà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, ó gbé ẹ̀rọ kejì lọ́wọ́.

"Mo ti pe ẹnjiníà tó gbé iṣẹ́ yìí fún wa," ọkùnrin náà wí. "Mo sọ ọ̀rọ̀ tápólì fún wọn. Wọ́n ní kí n má wá sẹ́nu iṣẹ́ mọ́ láti ọ̀la."

Ó tú síkúrù kan sí i.

"Òní ò tíì tán. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?"

"Àjà kejìlá."

"Ṣé o ti dárí jì mí?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Àjà kejìlá ni mo wí."

Ó gbọ́ bó ṣe ń gòkè lọ. Bàtà rẹ̀ kọjá àjà kẹsàn-án láìdúró. Àbúrò rẹ̀ tu eruku ẹnu dànù, ó sì gbé ẹ̀rọ lé síkúrù tó kàn.