Ààrò Tó Ń Pòṣé

Ìgbà tí yìnyín ń yọ́ lórí òkè ni Perihan kọ́kọ́ rí i. Ó jí ní ìdájí gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, ó ṣí ìdérí ààrò, ó na ọwọ́ sísàlẹ̀ láti kó eérú àná. Eérú náà rin gbindin. Ó gbójú sókè wo àjà, òrùlé kò jò. Òjò kò sì rọ̀. Ó fi ahọ́n tọ́ ìka rẹ̀ wò, ó sì bá ìtọ́wò káún pàdé níbẹ̀. Àyà rẹ̀ já. Omi kan ṣoṣo ló ní ìtọ́wò káún ní gbogbo agbègbè yẹn, omi adágún Van ni, èyí tí àwọn obìnrin fi ń fọ aṣọ láìwá ọṣẹ. Omi náà ti wọlé, kò sì gba ẹnu ọ̀nà wọlé.

Ààrò tiwa, inú ilẹ̀ ló ń wà. Ìkòkò amọ̀ ràgàjì ni, wọ́n á rì í mọ́lẹ̀ láàárín ilé títí dé ọrùn. Inú rẹ̀ ni bọ̀tọ̀ gbígbẹ, ìgbẹ́ màlúù, ti ń jó, ara rẹ̀ ni wọ́n ń lẹ búrẹ́dì mọ́. Temo, ọkọ Perihan, ló fọwọ́ ara rẹ̀ mọ èyí, ó po amọ̀ mọ́ irun ewúrẹ́ kó má baà sán. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n mú ìyàwó yí i po kí wọ́n tó jẹ́ kó jókòó. Temo ti kú, ààrò kò kú. Ní ilẹ̀ wa, bí èèyàn bá fẹ́ ṣẹ́ èpè tó dójú àmì, "kí iná ààrò rẹ kú" ló máa sọ, kò sì sí èyí tó burú tó o.

Ẹ gbọ́ ìdí tí àyà obìnrin náà fi já. Mirza, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí ìlú, ti sọ ọ́ láìfi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀ pé ọjọ́ tí omi bá fọwọ́ kan ilé yìí, ọjọ́ náà làwọn máa kó lọ sí ìlú Van. Ó tiẹ̀ ti lọ wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan níbẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbínú ló sọ. Adágún ti ń gòkè bọ̀ láti bí ọdún mélòó kan, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tó ń lé e. Àwọn igi èso Sose, aládùúgbò wọn nísàlẹ̀, ti wà nínú omi dé ìdí ẹ̀ka, Sose àti àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti kó lọ sí ìlú. Àwọn tó lọ kí i wá ròyìn pé ojú fèrèsé ló máa ń jókòó sí látàárọ̀ ṣúlẹ̀, bí ẹrù tí olówó rẹ̀ gbàgbé sí ibùdókọ̀. Kò dáná, kò po ìyẹ̀fun, kò sẹ́ni tó ń bi í léèrè ohunkóhun. Perihan gbọ́ ọ, ó sì búra nínú ara rẹ̀ pé òun kọ́.

Ló bá fi í pamọ́. Ó kó ẹrẹ̀ eérú náà sínú garawa, ó dà á sẹ́yìn ọgbà ewúrẹ́, ó bu eérú gbígbẹ látinú àpò tí wọ́n fi ń fọ ìkòkò, ó fi tẹ́ ìsàlẹ̀ ààrò nípọn, ó sì dáná lé e. Iná náà ràn. Ṣùgbọ́n bó ti ń ràn ló ń dún wúyẹ́wúyẹ́ nísàlẹ̀, "ṣìì, ṣìì," bí ìgbà tí àgbàlagbà bá ń pòṣé sí ọmọ tó ń parọ́. Perihan fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ní kó máa pòṣé lọ, òun ò gbọ́.

Àṣé ohun tó ṣòro jù ṣì wà níwájú. Ìyàwó Mirza ńkọ́? Rinde lorúkọ rẹ̀, ọmọ àwọn darandaran orí òkè, ó sì ní ọmọ ọwọ́ kan, Berfin, tí ibùsùn onígi rẹ̀ kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò nítorí ooru. Òun àti ìyá ọkọ rẹ̀ ni wọ́n jọ ń yan búrẹ́dì látẹ̀yìnwá. Bó bá tẹ̀síwájú láti máa kó eérú, yóò rí i, ẹnu rẹ̀ kò sì mọ bí wọ́n ti ń pa nǹkan mọ́ fún ọkọ. Nígbà náà, àkókò tí ẹja ń wọ́ gun odò lọ yé ẹyin ni, gbogbo obìnrin etí omi ló jókòó síbi kan náà tí wọ́n ń là á, tí wọ́n ń fi iyọ̀ sí i. Ibẹ̀ gan-an ni Perihan ti sọ ọ́, lójú gbogbo wọn.

"Ìyàwó mi, láti òní lọ, má fọwọ́ kan ààrò mọ́. Búrẹ́dì rẹ ń já sínú eérú. Ọwọ́ àwọn ará òkè ò mọ ààrò."

Rinde mú ẹja mìíràn. Ó ń la ẹja rẹ̀ lọ, etí rẹ̀ pọ́n. Irọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, Perihan mọ̀ pé irọ́ ni. Búrẹ́dì ọmọ náà fẹ́lẹ́, ó gbòòrò, ó ju tirẹ̀ gan-an lọ. Ṣùgbọ́n ẹnu àwọn obìnrin kò ní ilẹ̀kùn. Kí ẹja tó tán nínú agbọ̀n, wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ: Ìyàwó Eléérú. Gule, aládùúgbò òkè, ló kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín tó fi ń wúkọ́. Látọjọ́ náà, bí Rinde bá ti lọ pọn omi, wọ́n á bi í bóyá eérú ni wọ́n jẹ nílé lánàá.

Ìgbà ooru dé. Rinde gun òkè lọ já àwọn ewé tó ń ta sánsán bí àlùbọ́sà, ó gé wọn sínú wàrà dídì, ó ki wàrà náà sínú ìkòkò amọ̀, ó fi ewé àti amọ̀ dí ẹnu rẹ̀, ó sì rì í mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé ní ìdojúdé, kí omi ara rẹ̀ lè máa ro dànù. Bẹ́ẹ̀ la ti ń ṣe é. Nígbà tí ewé igi pọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, ó lọ hú u. Iyanrìn ibẹ̀ wúwo. Wàrà tó jáde ti di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, òórùn rẹ̀ sì le. Rinde gbé e wá síwájú ìyá ọkọ rẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ wò ó o, ilẹ̀ ti rin."

Ìgbà yẹn ni Perihan ì bá ti sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu rẹ̀. Ó wo ojú ọmọ náà, àánú rẹ̀ ṣe é, nítorí pé ó fẹ́ràn rẹ̀, ẹ má jẹ́ ká parọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n fèrèsé Sose wá síwájú rẹ̀. Ó ní ilẹ̀ kò rin rárá, pé ẹnu ìkòkò ni Rinde kò dí dáadáa, pé wàrà ọdún kan gbáko ló fi ṣòfò yẹn. Rinde sunkún lọ́jọ́ náà. Mirza dé lálẹ́, ó bá ìyàwó rẹ̀ wíjọ́ díẹ̀ nípa wàrà, ó sì jẹ ẹja oníyọ̀ sùn.

Òtútù wá tẹ̀lé e. Gẹ́gẹ́ bí àṣà, wọ́n gbé tábìlì kúkúrú lé orí ààrò lẹ́yìn tí iná bá ti rọlẹ̀, wọ́n da kúbùsù bò ó, gbogbo ilé á sì ki ẹsẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ooru ti ọdún yẹn kò pẹ́ lára mọ́. Ẹrẹ̀ tí Perihan ń kó láràárọ̀ ti kúrò ní ẹ̀kún garawa kan. Ara ààrò náà ti ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lápá ìsàlẹ̀. Ó fi amọ̀ lẹ̀ ẹ́, ó ń dá iná kékeré, iná tó kàn tó búrẹ́dì díẹ̀, ó sì ń fetí sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá tẹ̀ ba láti lẹ ìyẹ̀fun mọ́ ọn. Ó ti mọ̀ pé iná ńlá kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀ mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Mirza tẹ́tí, ó bi ìyá rẹ̀ pé kí ló ń dún nísàlẹ̀ yẹn. Perihan ní bọ̀tọ̀ tí kò gbẹ dáadáa ni. Wọ́n ní èéfín nìwà, kò ṣe é bò mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n obìnrin náà gbà pé omi ṣe é bò.

Àárọ̀ ọjọ́ tí bàbá Gule kú, Perihan kò tíì jí tán tí wọ́n fi wá pè é. Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyẹn: ilé ọ̀fọ̀ kì í dáná, àwọn aládùúgbò ló ń gbé oúnjẹ lọ. Ààyè kò sí láti kó ẹrẹ̀. Ó yẹ ààrò wò, ó rí i pé omi ti ń dán nísàlẹ̀. Ó da gbogbo eérú gbígbẹ tó kù nínú àpò lé e lórí, ó fọwọ́ tẹ́ ẹ títí ó fi jọ ti tẹ́lẹ̀, ó dé e. Ó kó ìwọ̀nba búrẹ́dì àná tó wà nílẹ̀ sínú aṣọ. Ó kìlọ̀ fún Rinde pé kó má dáná sí ààrò, pé bí ebi bá ń pa á, kó lo sítóòfù. Rinde ní òun ti gbọ́, Màmá.

Nílé ọ̀fọ̀, àwọn obìnrin jókòó yí ògiri ká, wọ́n ń gbàdúrà, ẹkún ń lọ, ó ń bọ̀. Búrẹ́dì tí Perihan gbé wá kò kárí, ojú sì tì í; àgbà obìnrin bíi tirẹ̀. Nígbà tó yá, Gule, tó lọ mú aṣọ nílé arábìnrin rẹ̀ nísàlẹ̀, padà wọlé, ó jókòó tì í. Ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún, kò sí yẹ̀yẹ́ lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

"Mo gba iwájú ilé yín kọjá," ó ní. "Rinde ní kí n sọ fún yín kẹ́ ẹ fara balẹ̀ jókòó, búrẹ́dì ń bọ̀ fún gbogbo ilé ọ̀fọ̀. Ó ní òun fẹ́ kẹ́ ẹ fi òun yangàn lónìí."

Perihan dìde. Kò dágbére, kò wọ bàtà. Àwọn kan rò pé ẹkún ló gbé e jáde. Ó ń sáré sọ̀ kalẹ̀ nínú yìnyín, ó ṣubú, ó dìde, ó ń pe Ọlọ́run, ó ń pe Temo. Láti ibi tó wà, ó rí èéfín ilé rẹ̀ tó yọ sókè, ó dúdú, ó ki. Iná búrẹ́dì ogójì èèyàn ni. Ẹ̀yìn èéfín náà, adágún tẹ́jú lọ jẹ́ẹ́, kò mì.

Ó já ilẹ̀kùn wọlé. Rinde wà lórí eékún, ó ká apá aṣọ sókè, ó tẹ̀ ba sínú ààrò dé èjìká, búrẹ́dì tó ti yan sì ga lórí àwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fẹ́lẹ́, ó pupa dáadáa. Berfin ń sùn nínú ibùsùn rẹ̀ lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Òṣé tí ààrò náà ń pa ti gba gbogbo ilé.

"Rinde, dìde níbẹ̀!"

Ọmọ náà gbójú sókè, ìyẹ̀fun wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ṣì wà nínú. Amọ̀ náà sán. Adágún já wọ inú ẹyin iná, iná, eérú àti omi gbígbóná sì jọ ru sókè lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo rẹ̀ bo Rinde. Nǹkan kan kò dé ara Berfin, nítorí ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló wà láàárín wọn.

Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn ní Van. Ó yè. Ojú ọ̀tún lọ, ọwọ́ ọ̀tún kò sì lè dì mọ́. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, Mirza bi í bóyá kò rí omi kó tó dáná. Ó fi orí Berfin búra pé òun ṣí ààrò, òun fọwọ́ kan eérú, eérú náà gbẹ. Mirza mi orí. Ó ní a jẹ́ pé ọjọ́ náà gan-an lomi wọlé, wàhálà tí Ọlọ́run kọ. Ó wá yíjú sí ìyá rẹ̀.

"Ẹ̀yin náà ò rí nǹkan kan ṣáájú, Màmá?"

"Kí ni n bá rí?" ni Perihan wí.

Bí mo ti ń sọ ọ́ yìí, inú ń bí mi. Ó kù díẹ̀ kó sọ ọ́, mo gbà. Ètè rẹ̀ mì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti fi eérú bo nǹkan láti ìgbà yìnyín yíyọ́ dé ìgbà yìnyín rírọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọn lára. Ilé etí omi ti lọ, adágún ti gba ààrò Temo. Ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, búrẹ́dì rírà ni wọ́n ń jẹ, ojú fèrèsé ni Perihan sì ń jókòó sí. Nǹkan kan ṣoṣo ni ẹnikẹ́ni ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Bí Mirza bá ti gbé búrẹ́dì wọlé tí òórùn rẹ̀ gba ilé, Rinde á rọra wá sí ẹsẹ̀ Perihan, á yí ojú tó kù sí i.

"Màmá, ẹ foríjì mí. Ẹ kìlọ̀ fún mi. Látìgbà tí mo ti dá iná yẹn ló ti ń pòṣé sí mi, mo rò pé ọwọ́ mi ni kò fẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, mo ba ààrò yín jẹ́."

Perihan á gbé ọwọ́ lé e lórí.

"Mo ti foríjì ọ́, ìyàwó mi."