Kòkòrò Pupa Ara Lílì Glenda

"Ó tún já bọ́!" Glenda Horsfall fi ìbínú kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù, aṣọ àwọ̀sùn ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Kòkòrò pupa tó fẹ́ mú ló já bọ́ lára ewé lílì. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ìka èèyàn ò ní tíì kàn wọ́n tí wọ́n á fi jára wọn sílẹ̀, wọ́n á fẹ̀yìn lélẹ̀, wọ́n á gbé ikùn dúdú sókè, ẹni tó ń wá wọn ò sì ní mọ èyí tó jẹ́ kòkòrò àti èyí tó jẹ́ iyẹ̀pẹ̀. Torí ẹ̀ ni Glenda ṣe tẹ́ ìwé ìròyìn sábẹ́ òdòdó náà. Ó rí ọ̀daràn ọ̀hún lórí ojú ewé eré bọ́ọ̀lù, ó fi ìka méjì ṣà á. Kòkòrò náà ké tín-ín-rín lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jù ú sínú ife omi ọṣẹ.

"Mélòó nìyẹn?" Norman ọkọ rẹ̀ ló ń bi í láti ojú fèrèsé ilé ìdáná. Awakọ̀ ojú irin ni Norman kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì sóhun tí kì í ka iye ẹ̀.

"Mọ́kànlélógún."

"O ò kúkú lọ fi ọlọ́pàá mú wọn. Tíì rẹ ti tutù."

"Norman, fi mí sílẹ̀, jọ̀ọ́."

"Mo ti fi ọ́ sílẹ̀ látàárọ̀. Ìwọ àti kòkòrò lẹ kúkú ń ṣe tọkọtìyàwó báyìí."

Glenda ò rẹ́rìn-ín. Ó yí ewé kan padà. Ẹyin wọn wà lábẹ́ ẹ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lórí ìlà. Lábẹ́ ewé kejì, àwọn ìdin tó ti jáde nínú ẹyin wà níbẹ̀ tí wọ́n ń jẹun, wọ́n sì ti fi ìgbẹ́ ara wọn bo ẹ̀yìn kí ẹyẹ má baà ṣà wọ́n jẹ. Glenda fi ìka nù wọ́n kúrò láìwọ ìbọ̀wọ́. Bó bá jẹ́ ọdún tó kọjá ni, ì bá ti bì. Lọ́dún yìí, ohun tó ń rí i lára ju ìgbẹ́ kòkòrò lọ.

Bó bá ṣe pé lílì tirẹ̀ nìkan ni, ọkàn rẹ̀ ì bá balẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù karùn-ún, nígbà tí ẹgbẹ́ olódòdó ta ọ̀gbìn ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì bí wọ́n ṣe ń ṣe lọ́dọọdún, Glenda tó jẹ́ alága wọn ló gbé ìkòkò lílì mẹ́rìnlá lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ó ti rí kòkòrò pupa méjì lára wọn. Ó fi gìgísẹ̀ bàtà tẹ̀ wọ́n pa, ó ní ó parí. Ó fi aṣọ tútù nu ojú ewé, àmọ́ kò yí ewé kankan padà. Ṣé kò mọ̀ pé ó yẹ kóun yí i padà ni? Ó mọ̀. Òun gan-an ló ń kọ́ àwọn èèyàn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà òtútù ni gbogbo òpópónà Chapel Fold ti ń wí pé àwọn ń retí lílì Glenda, ẹnu wo ni alága máa fi sọ pé lílì òun ní kòkòrò? Ní ìlú Skipton nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, èèyàn lè jẹ́wọ́ pé òun ń mutí, kò ní jẹ́wọ́ irú ìyẹn. Ìkòkò mẹ́rìnlá, ilé mẹ́rìnlá. Láti ọjọ́ náà ni oorun Glenda ti dà rú.

Aago mẹ́wàá ni Muriel Sugden wọlé láìdúró kí wọ́n ní kó wọlé. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ni, obìnrin tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó máa ń gbé pẹ́ẹ̀nì sétí bíi káfíńtà. Ọjọ́rú ni. Lọ́jọ́ Sunday tó ń bọ̀ ni wọ́n máa ṣí ọgbà wọn fún gbogbo ìlú láti wá wò.

"Glenda, ṣé o ti kọjá níwájú ilé nọ́ńbà mẹ́sàn-án?"

"Kí ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀?"

"Lílì ọmọbìnrin Poland yẹn ti di igi ìgbálẹ̀! Ewé kan ò kù níbẹ̀. Ẹnu ọ̀nà gan-an ló tún gbé e sí, kí gbogbo ayé lè rí i." Muriel fa àga, ó jókòó. "Mo wo tèmi láàárọ̀ yìí, ihò ti wà lára ẹ̀. Ti Clive aládùúgbò wa náà bẹ́ẹ̀. Kóun tó kó dé lóṣù kẹta, ta ló gbọ́ kòkòrò pupa rí ní Chapel Fold?"

Norman gbé tíì síwájú ẹ̀. "Kòkòrò kì í gba ìwé ìrìnnà, Muriel."

"Mi ò bá ọ sọ̀rọ̀, Norman."

"Mo mọ̀. Èmi ni mò ń bá ọ sọ̀rọ̀."

Muriel mú bébà kan jáde nínú báàgì, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Lẹ́tà ni. Bí àwa ará ibí bá fẹ́ lé èèyàn, a kì í pariwo. Lẹ́tà la máa ń kọ, lẹ́tà náà á sì dùn débi pé ẹni tó gbà á ní láti kà á lẹ́ẹ̀mejì kó tó mọ̀ pé wọ́n ti lé òun. Èyí tí Muriel kọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Danuta Wolska, ọmọbìnrin nọ́ńbà mẹ́sàn-án náà, fún gbogbo akitiyan rẹ̀. Ó ní ẹgbẹ́ mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ máa ń dí níbi iṣẹ́. Ó ní ẹgbẹ́ rò pé ara máa tù ú bó bá jẹ́ kí ọgbà rẹ̀ sinmi lọ́dún yìí.

"Àmọ́ orúkọ ẹ̀ ti wà nínú ìwé ọgbà ọjọ́ Sunday tá a pín," ni Glenda wí.

"A lè fi pẹ́ẹ̀nì fa ìlà lé e lórí. Ìwọ ni alága, ìwọ lo máa buwọ́ lù ú, ìwọ lo sì máa mú un lọ. O lóhùn tútù."

Glenda ya ẹnu láti sọ̀rọ̀. Ó mọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kó sọ, kò ju gbólóhùn kan lọ. Àmọ́ Muriel ti na pẹ́ẹ̀nì sí i, tíì ni Glenda sì gbé mu dípò ọ̀rọ̀. Ó buwọ́ lù ú.

Òjò wẹ́ẹ́rẹ́ ń rọ̀ nígbà tí Glenda jáde. Ó rìn dé nọ́ńbà méje, ó padà. Ó tún jáde, ó rìn dé orí afárá kékeré, ó dúró bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé. Ó ń bá ara rẹ̀ jà. Ó ní kòkòrò ń fò, ibikíbi ló lè ti wá. Ó ní ta ló máa mọ̀? Lẹ́yìn náà ló rántí ìdin tó nù kúrò láàárọ̀. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, irú wọn á ti yó, wọ́n á wọnú ilẹ̀ nínú gbogbo ilé mẹ́rìnlá, wọ́n á sì jáde ní ìlọ́po ìlọ́po. Bí gbogbo òpópónà bá ń wo ẹnu ọ̀nà Danuta nìkan, kò ní sẹ́ni tó máa yí ewé tiẹ̀ padà.

Danuta wà níwájú ilé, ó kúnlẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni, ilé àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Kò tíì sùn, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lára rẹ̀. Nígbà tó rí Glenda, ó dìde wìì, ó dúró síwájú lílì náà bíi pé ó fẹ́ fi ara bò ó.

"Mísíìsì Horsfall, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Kí ló dé?"

"Mo ti ba òdòdó yín jẹ́." Omi ti lé sójú ẹ̀. "Ọwọ́ yín ni mo ti rà á. Ẹ ní kò ṣòro láti tọ́jú. Mò ń mú àwọn kòkòrò náà lójoojúmọ́, kí n tó lọ síbi iṣẹ́ àti tí mo bá dé. Wọn ò tán. Ojú ló tì mí tí mi ò lè wá bá yín."

"Danuta, gbọ́ mi…"

"Mo rò pé ẹrù mi ló kó wọn wá. Mo gbé igi róòsì bọ̀ láti ilé tí mò ń gbé tẹ́lẹ̀ ní Leeds, òun ni mo kọ́kọ́ gbìn ní orílẹ̀-èdè yìí. Mo ti hú u lánàá. Mo ti sun ún." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Ìyá mi ń bọ̀ láti Lublin ní Poland lọ́jọ́ Sátidé. Mo ti ya fọ́tò ìwé ọjọ́ Sunday yẹn ránṣẹ́ sí i, ibi tí orúkọ mi wà. Ó ti fi han gbogbo àdúgbò."

Lẹ́tà náà wà nínú àpò Glenda. Ó fọwọ́ kan ibẹ̀, ó sì yọ ọwọ́ kúrò.

"Kòkòrò yẹn kì í jẹ róòsì," ló wí.

"Kí lẹ wí?"

"Lílì ló ń jẹ. Kì í gun orí róòsì rárá. Èmi ni mo gbé e wá fún ẹ, Danuta. Mo rí i lára wọn kí n tó kó wọn lọ sí gbọ̀ngàn. Mo pa méjì, mo sì ta ìyókù fún yín."

Òjò ń rọ̀ sórí àwọn méjèèjì.

"Ẹ ti mọ̀?"

"Mo ti mọ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Ojú ń tì mí."

"Ojú ń tì yín." Danuta tún un sọ bí ẹni tó ń tọ́ ọ̀rọ̀ náà wò lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ le. "Róòsì mi ńkọ́?"

Glenda ní òun máa padà wá ní ọ̀sán láti bá a yí àwọn ewé náà padà lọ́kọ̀ọ̀kan, pé orúkọ rẹ̀ ò ní kúrò nínú ìwé ọjọ́ Sunday. Danuta ò sọ pé kó wá, kò sì sọ pé kó má wá. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Muriel ń jẹun ọ̀sán nígbà tí Glenda kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

"Ṣé ó gbà á?"

"Mi ò fún un." Glenda mú lẹ́tà náà jáde, ó ya á sí méjì níwájú rẹ̀, ó sì sọ gbogbo ọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, lórí ìdúró, kí àyà rẹ̀ tó já. Ó sọ ti kòkòrò méjì. Ó sọ ti aṣọ tútù. Ó ní ọgbà òun ni kí wọ́n fa ìlà lé.

Pẹ́ẹ̀nì Muriel ṣì wà létí ẹ̀. Ojú ẹ̀ pọ́n.

"Ìwọ, Glenda! Ìwọ tó o jẹ́ alága! O jókòó sí tábìlì rẹ, o jẹ́ kí n máa wí pé ọmọ ọlọ́mọ…" Kò lè parí ẹ̀. "O jẹ́ kí n sọ ọ́!"

"Mo jẹ́ kó o sọ ọ́."

"Ta ló máa sọ fún àwọn tó kù?"

"Èmi ni."

"Nígbà wo?"

"Báyìí. Ilé Clive ni mo fẹ́ kọ́kọ́ lọ."

Muriel ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Glenda yí padà, ó sì ń lọ. Kò tíì dé ẹnu géètì tó fi gbọ́ tí ilẹ̀kùn tún ṣí. Muriel ló jáde, ó ń fi ẹsẹ̀ kan tọ bí ó ṣe ń fa bàtà òjò wọ èkejì.

"Má rò pé mo ti dárí jì ọ́ o," ló wí. "Ajá Clive máa ń géni jẹ ni. Dúró dè mí."