Alùpùpù Pupa Inú Ọ̀dẹ̀dẹ̀

Nígbà tí oníbúrẹ́dì ti ibi iṣẹ́ dé, tó bá alùpùpù pupa kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó rò pé àlejò làwọn ní. Ó gbọn ìyẹ̀fun kúrò lára, ó tún ọrùn ẹ̀wù ṣe, ó sì wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ, nìkan ló bá níbẹ̀.

“Àlejò dà?”

“Àlejò wo? Èmi ni mo rà á.”

Ọkùnrin náà wo alùpùpù, ó wo obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí kì í rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́ láìlo awò ojú. “Máṣíìnì tí o fi ń ránṣọ ò tó ẹ, àfi èyí tó ń sáré?”

“Èyí tó jókòó sójú kan ló bí èyí tó ń sáré,” ni aránṣọ fi dá a lóhùn, ó sì ń fi etí ìró rẹ̀ nu ojú táńkì.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti fáàrí. Ìdajì àwọn oníbàárà rẹ̀ ló ń gbé òdìkejì ìlú, ó sì ti pẹ́ tó ti ń bẹ àwọn alálùpùpù pé kí wọ́n bá òun gbé aṣọ lọ. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn já aṣọ ìyàwó funfun báláú sínú ọ̀gọ̀dọ̀, ó ní kó má bínú, pé ó ṣáà máa ṣeé fọ̀. Ọjọ́ náà ni aránṣọ pinnu pé òun ò ní fi iṣẹ́ ọwọ́ òun lé ẹlòmíì lọ́wọ́ mọ́.

Àmọ́ kò tíì mọ̀ ọ́n gùn dáadáa tí òjò fi dé. Lówùúrọ̀ kan, ẹsẹ̀ yọ̀ ọ́ lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ṣẹ́. Wọ́n fi pílásítà líle dì í dé orúnkún nílé ìwòsàn, wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí egungun fi máa so. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Àǹtí wa, ló wá bá wọn gbé kó lè máa dáná.

Kò pẹ́ sígbà náà tí ọkọ fi gbé ọ̀rọ̀ jáde. “Jẹ́ ká ta nǹkan yìí nígbà tó ṣì ń dán. Irin àti ọ̀rinrin kì í ṣọ̀rẹ́. Tó bá fi máa di ìgbà tí o máa dìde, ìpẹtà á ti jẹ ẹ́ tán.”

Kò parọ́ mọ́ ilé náà. Etí omi ni, nígbà òjò sì ni ògiri máa ń làágùn bí ẹni tó ru ẹrù. Iyọ̀ á dì pọ̀ nínú ike, ìṣáná ò ní ràn, bàtà tí èèyàn bá gbàgbé sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì á hu irùngbọ̀n.

Aránṣọ gbé ẹsẹ̀ sórí àpótí. “Baálé mi, ẹ gbọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá tú ẹsẹ̀ yìí, tí ìpẹtà bá ti jẹ alùpùpù mi, ẹ tà á. Tí kò bá jẹ ẹ́, kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ títà mọ́ nílé yìí.”

“Mo gbọ́ o,” ni Àǹtí wa wí láti ìdí iná. “Etí mi méjèèjì ni mo sì fi gbọ́ ọ.”

Aránṣọ ní kí wọ́n bá òun ra ọ̀rá nínípọn. Ó fi wé alùpùpù náà láti orí dé táyà, ó sì fi okùn dì í bí ìyá ìkókó ṣe ń di ọmọ nígbà òtútù. Òjò ń rọ̀, ó ń dá. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá wá kí i ló ń fi ẹrù náà hàn, pé omi kan ò lè kàn án.

Òórùn ló tú àṣírí. Bó ṣe ń kọjá lọ́jọ́ kan tòun ti ọ̀pá, imú rẹ̀ gbọ́ òórùn bí aṣọ tútù tí wọ́n gbàgbé sínú ọpọ́n ìfọṣọ. Ó tú okùn. Inú ọ̀rá náà làágùn tótó, ẹ̀kán omi sì to lọ bẹẹrẹ lójú rẹ̀. Ìjókòó alùpùpù ti funfun bíi búrẹ́dì tó bu. Sàléńsà, páìpù tí èéfín ń gbà jáde, ti rú kóókòòkó, ó pupa, ó dúdú, bí ojú ẹni tí ìgbóná ṣe. Táńkì tó ń dán gbinrin tẹ́lẹ̀ ti fọ́ lójú.

Aránṣọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú pílásítà rẹ̀. Ẹkún kọ́ ló gbé e, ìbínú ni, ara rẹ̀ ló sì ń bínú sí.

“Àǹtí wa, ẹ wá wo òmùgọ̀! Èmi tí mò ń bá oníbàárà jà pé kí wọ́n má kó léèsì sínú ọ̀rá nígbà òjò, pé aṣọ gbọ́dọ̀ mí. Èmi náà ni mo kó irin sínú ọ̀rá!”

Àǹtí wa na ọrùn wò ó, ó sì mí kanlẹ̀. “Ṣé ká wá sọ fún àbúrò mi ni?”

“Ẹ máà sọ fún un o. Ẹ bá mi gbé omi àti ọṣẹ wá.”

Bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó fi omi ọlọ́ṣẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wẹ̀ ẹ́, ó fi omi mímọ́ ṣan án, ó sì fi ẹ̀wù àtijọ́ tó ti rọ̀ nù ún gbẹ. Ibi tí ìka kò lè dé láàárín wáyà táyà, ó wé àkísà mọ́ ẹnu àlùmọ́gàjí, ó fi tọ́ ọ. Ó ní kí Àǹtí wa bá òun mú bébà fóìlì dídán tí ọkọ òun fi ń wé kéèkì, ó rún un mọ́wọ́, ó rẹ ẹ́ sómi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ra àmì ìpẹtà díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dun ún dé èjìká. Bí ó bá rẹ̀ ẹ́ tán, ó jókòó sinmi, ó tún tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ìpẹtà ń ṣí, irin ń yọjú bí ẹni tó jí lójú oorun.

Ó fi ìda tí wọ́n ń fi kun mọ́tò pa táńkì fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, ó nù ún títí ó fi rí awò ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Ó fi òróró díẹ̀ pa gbogbo irin tó ń dán. Ó ní kí wọ́n sún alùpùpù kúrò lára ògiri, kó má baà máa bá ògiri pín òógùn, ó sì ní kí wọ́n tẹ́ pákó sábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá jókòó sídìí máṣíìnì tó jókòó sójú kan. Ó rán aṣọ fún alùpùpù: kákí ìta, aṣọ múlọ́múlọ́ nínú, nẹ́ẹ̀tì ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí afẹ́fẹ́ lè ríbi wọlé, etí rẹ̀ kò sì kan ilẹ̀.

“Ó mà bá a mu o,” ni Àǹtí wa wí. “Ó ku gèlè.”

Láti ìgbà náà, kò sí òwúrọ̀ kan tí aránṣọ kò ṣí aṣọ náà kó nu ìrì ara irin. Ibì kan ṣoṣo ló ṣẹ́gun rẹ̀, nísàlẹ̀ sàléńsà, tí kò ju èékánná lọ. Gbogbo bó ṣe ra á, àmì náà ò lọ.

Ọjọ́ tí wọ́n máa tú pílásítà kù sí dẹ̀dẹ̀ nígbà tí oníbúrẹ́dì mú oníbàárà kan, káfíńtà, wá wo alùpùpù náà. Ó jọ pé ó ti dá a lójú pé ìpẹtà ti parí iṣẹ́. Káfíńtà ṣí aṣọ, ó sì súfèé.

“Etí omi níbí lèyí wà? Ẹ̀yin ìyá, kí lẹ ṣe sí i?”

Aránṣọ sọ fún un, títí kan ọ̀rá àti ìtìjú rẹ̀. Ọkọ rẹ̀, tí kò ṣí aṣọ náà wò rí, tí kò sì mọ nǹkan kan nínú rẹ̀, dúró, ó ń gbọ́. Káfíńtà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo abẹ́ sàléńsà. “Ẹ wò ó, ìpẹtà díẹ̀ wà níbí.”

“Ó wà níbẹ̀,” ni aránṣọ wí. “Mi ò fi pamọ́.”

“Ẹ ẹ̀ rí i?” ni ọkọ sọ, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò le. “Àdéhùn ṣáà ni àdéhùn.”

Àǹtí wa jáde láti ìdí iná tòun ti ọmọrogùn. “Àdéhùn wo? ‘Tí ìpẹtà bá jẹ ẹ́’ la sọ. Èyí ò jẹ ẹ́ o. Ó kàn tọ́ ọ wò ni.”

Káfíńtà bú sẹ́rìn-ín. Oníbúrẹ́dì kò rẹ́rìn-ín. Aránṣọ wo ojú rẹ̀ dáadáa.

“Baálé mi, ṣé ìpẹtà lẹ ń bẹ̀rù lóòótọ́?”

Ọkùnrin náà fa aṣọ náà bo alùpùpù padà. Ó wá ní, “Lọ́jọ́ tí o ké lẹ́yìnkùlé yẹn, mo rò pé o ti kú ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ni, mo sáré jáde tìyẹ̀fun-tìyẹ̀fun. Irin ò kàn mí. Ìwọ ni mi ò fẹ́ kí nǹkan ṣe.”

Inú aránṣọ rọ̀, àmọ́ kò yẹ̀. “Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn ló ṣẹ́ mi lẹ́sẹ̀, ẹ ò sì tíì wá oníbàárà fún àtẹ̀gùn. Màá gùn ún. Màá rọra gùn ún, màá sì máa dé akoto. Ẹ̀rù yín, ẹ jẹ́ ká jọ máa gbé e.”

Káfíńtà ò rí alùpùpù rà. Kó tó lọ, ó ní kí wọ́n bá òun wọn tòun, ògbólógbòó kan tó wà nílé, pé òun náà fẹ́ irú aṣọ yẹn.

Wọ́n tú pílásítà. Ẹsẹ̀ náà ti gan, ó sì tín-ín-rín. Aránṣọ tún ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ní pápá tó wà lẹ́yìn ilé búrẹ́dì. Ẹ́ńjìnì ń kú mọ́ ọn lábẹ́, ó ń jí i. Oníbúrẹ́dì máa ń wò ó. Ẹnu ilẹ̀kùn ló máa ń dúró sí, tí yóò máa fọwọ́ nu ibi kan náà lára aṣọ rẹ̀, títí ìyàwó rẹ̀ fi máa sọ̀ kalẹ̀.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ fi gbé iṣẹ́ lọ, òjò wínníwínní ń ṣẹ̀. Ó fi ọ̀rá wé aṣọ oníbàárà, torí ọ̀nà ò jìn tó ohun tí aṣọ máa fi bu, ó sì gbé e dé ọwọ́ ẹni tó ni ín láìtutù. Oníbàárà ní kó wọlé kí òjò dá. Ó dúpẹ́, ó ní òun ń lọ.

Nígbà tó délé, ẹrẹ̀ ti bo mọ́gáàdì, gèlè rẹ̀ sì rin gbindin lábẹ́ akoto. Ọkọ rẹ̀ ní kó yára lọ pààrọ̀ aṣọ kí òtútù má baà mú un.

“Mò ń bọ̀,” ni aránṣọ wí. Ó fa àpótí sábẹ́ ara, ó na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún díẹ̀ síwájú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nu alùpùpù láti orí táńkì wá sísàlẹ̀.